Olè Inú Tẹlifíṣọ̀n Alhája

Mo dúró níwájú ìsọ̀ kan ní Balógun lọ́sẹ̀ tó kọjá, òórùn rọ́bà tuntun ń jáde látinú àwọn páálí, mo sì béèrè iye tí wọ́n ń ta gémù tẹlifíṣọ̀n kan. Iye tí ọlọ́jà náà pè, ká ní wọ́n kó o fún mi lọ́dún tí mo jáde yunifásítì, ǹ bá fi ra ilẹ̀, ǹ bá sì tún rí owó ìpìlẹ̀ níbẹ̀. Nígbà náà, náírà kan á ra búrẹ́dì, á ra mílíìkì, á sì gbé èèyàn dé Yábàá lọ àti bọ̀. Mo ní kó má bínú, mo rọra ń lọ. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ariwo ọjà sì ti ń sú mi báyìí. Gémù àkọ́kọ́ tí ojú mi rí ni mo ń rò, àti ohun tó ṣe fún ọ̀rẹ́ mi.

Ìwọ náà á rántí bí a ṣe ń wo tẹlifíṣọ̀n nígbà yẹn. Ní agboolé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, aláwọ̀ dúdú àti funfun, ní pálọ̀ ìyá àgbà kan tó ti lọ Mẹ́kà, tí gbogbo wa ń pè ní Alhája. Àwọn àgbà á jókòó sórí àga, àwọn ọmọdé á wà lórí ẹní, àwa ọ̀dọ́kùnrin á dúró lójú fèrèsé níta, ibẹ̀ la ti ń dá ẹjọ́ eré. Eré òde òní dára lójú, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n kálukú ń dá wo tirẹ̀ lórí fóònù ni. Lójú tèmi, eré tí a kò bá jiyàn lé lórí, ìdajì rẹ̀ la wò.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ń bá wọn ta mílíìkì àti tòmátò alágolo ní Òkè Àrin, ó sì ń bá ẹgbẹ́ eléré kan ṣeré. Ọmọ ọmọ Alhája ló fẹ́ fẹ́; wọ́n ti gbà fún un, ó ku kí wọ́n mú ọjọ́ yìgì. Ni wọ́n bá fún un ní ipa olè nínú eré tẹlifíṣọ̀n. Gbogbo agboolé péjọ, a sì rí i tó gba ojú fèrèsé wọ ilé olówó, tó kó góòlù ìyàwó ilé sápò, tó tún mu omi nínú kúlà wọn kó tó jáde. Àwa tó wà níta pàtẹ́wọ́. Alhája dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó ní òun ò fọmọ fólè.

Èmi tí mo kàwé ni wọ́n rán lọ bẹ̀ ẹ́. Mo ṣàlàyé ipa, mo ṣàlàyé kámẹ́rà, mo ní ẹnìkan ló jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Alhája gbọ́ mi tán, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ.

"Ó mọ ojú fèrèsé wọ̀ jù," ló wí. "Ẹni tí kò wọ̀ ọ́ rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á há. Tiẹ̀ ò há."

Ọmọbìnrin náà kò jẹun dáadáa mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kò sì lè yọjú sí agboolé, nítorí bó bá ti ń bọ̀, Alhája á ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun, dé pẹ̀lú gémù kan: àpótí pẹlẹbẹ tó ní bọ́tìnì méjì téèyàn ń yí. Tẹlifíṣọ̀n Alhája nìkan ló wà, la bá lọ tọrọ àyè lẹ́yìn ìrun Àsárì. Igi funfun méjì ló jáde, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kékeré tí wọ́n ń gbá síra wọn. Alhája wò wá títí, ó ní ká fún òun ní bọ́tìnì kan. Ó yí i, igi lọ sókè. Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó dáwọ́ dúró, igi náà dúró.

"Èmi ni mò ń gbé e?"

"Ẹ̀yin ni, màmá."

Kò gbé e sílẹ̀ fún wa títí wọ́n fi pe ìrun Màgárìbì. Ó na ẹ̀gbọ́n náà lánàtúnnà, ó bi í pé kí ló ń kọ́ lórí omi látọjọ́ yìí. Nígbà tó kírun tán, ó ní ká lọ pe ọ̀rẹ́ mi wá. Ọ̀rẹ́ mi dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Lọ́jọ́ olè yẹn, ta ló ń yí ọ?"

Ọ̀rẹ́ mi wò mí, ó wo ilẹ̀. "Ọ̀gá eléré wa ni, màmá."

"Sọ fún un kó má yí ọmọ mi gba ojú fèrèsé mọ́."

Bí yìgì ṣe so nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi sì pa àṣẹ náà mọ́. Kò ṣeré mọ́ títí ayé rẹ̀. Bí àkókò eré tẹlifíṣọ̀n bá tó, á gbé kẹ́ẹ̀gì, á ní òun ń lọ ra kẹrosíìnì, bí kẹrosíìnì tilẹ̀ wà nílé. N kò bi í rí pé kí ló dé.

Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ ìtàn yìí fún ẹ̀rín. Ó ti ń rẹ̀ mí láti fi í rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo wa tó ń pàtẹ́wọ́, Alhája nìkan ló rí i pé iṣẹ́ náà mọ́ ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó yin eléré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó lè rí ìyàwó fẹ́, ó ní láti sọ pé ẹlòmíì ló ń yí òun.

Alhája ti lọ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kú sí èbúté òkèèrè, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Àwa tó ń dúró lójú fèrèsé, èmi nìkan ló kù tó ṣì ń rìn. Ọ̀rẹ́ mi lọ nígbà òjò tó kọjá. Ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, ó wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó níbẹ̀; òun nìkan ló kù tí mo lè bi nípa kẹ́ẹ̀gì yẹn.