Wọ́n Ní Kí N Gbá A Sí Àárín

Kádì mi, bàbá àgbàlagbà kan tó máa ń bá mi ru àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù ní pápá wa nítòsí Ajah, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́ kò ju ẹyọ kan lọ: kí n yé wo àsíá tí wọ́n fi ń sàmì sí ihò. Wọ́n ní àsíá lè wà létí omi tàbí létí ọgbà, àmọ́ bí mo bá gbá bọ́ọ̀lù sí àárín koríko kúkúrú tí ihò wà nínú rẹ̀, àárín kì í tan èèyàn jẹ.

Ní Sátidé kan, bàbá ìyàwó mi bá mi lọ. Kí n tó gbá bọ́ọ̀lù kankan, mo ti dọ̀bálẹ̀ kí wọn lórí koríko tí ìrì ṣì wà, ṣòkòtò funfun mi sì ti di aláwọ̀ ewé. Nígbà tí a dé ihò kẹfà, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ni àsíá wà, àwọn bíríkìlà sì ń kọ́lé lẹ́yìn ọgbà náà. Kádì fi ojú júwe àárín fún mi. Àna mi rí i, wọ́n rẹ́rìn-ín.

“Àbí ojo ni mo fún lọ́mọ? Gbá a sí àsíá.”

Kádì yọ ọ̀pá kan fún mi. Ta ni yóò dá sí ọ̀rọ̀ àna àti àna? Èmi náà mọ̀ pé apá mi ò ká a, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé rárá fún wọn. Mo gbá a. Bọ́ọ̀lù yà sọ́tùn-ún, ó fo ọgbà. Ó yẹ kí n pariwo kìlọ̀ fún àwọn bíríkìlà, mi ò ṣe é. Ẹlòmíràn ló ké, lódìkejì.

Bíríkìlà kan tó wá láti Ìkirun ni bọ́ọ̀lù bà lójú òsì. A sáré gbé e lọ sọ́sibítù ní Lẹ́kkí. Dókítà ní ojú náà kò ní ríran mọ́. Inú bí mi sí àna mi, àmọ́ ó bí mi sí ara mi jù, torí ọwọ́ mi ni ọ̀pá wà.

Láti ìgbà náà, àárín ni mò ń gbá a sí. Iye ìgbà tí mò ń gbá bọ́ọ̀lù kó tó wọ ihò ti dín kù gan-an, àna mi sì ń fi mí yangàn láàárín àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Ìyìn náà korò lẹ́nu mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ kí bíríkìlà náà ní yàrá rẹ̀ ní Addo. Ó ní òun ti padà síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí òun mọ ògiri mọ́, sìmẹ́ǹtì ni òun ń pò. Mo na ike omi tútù sí i. Ó nawọ́ gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì padé lórí òfo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike náà.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ẹ bá mi sún un mọ́bí.”