Ilé Tí A Gbà Lọ́wọ́ Katakata

Mo rántí òórùn ẹlẹ́bọ́tọ tútù. Ọmọ ìsinsìnyí lè má mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ màlúù yẹn ni àwọn ìyá wa fi ń rẹ́ ilẹ̀ ilé kí símẹ́ǹtì tó gbòde. Bó bá gbẹ, ilẹ̀ a máa dán, òórùn rẹ̀ a sì lọ. Bí o bá gbọ́ òórùn rẹ̀, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ilẹ̀ náà tán ni.

Ogun abẹ́lé kò tíì pẹ́ tó parí nígbà náà. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Iṣẹ́ ilé wíwò gan-an ni ìjọba gbà mí fún. Wọ́n ní kí n tẹ̀ lé ọ̀gá kan láti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, ká wọn àwọn ilé àtijọ́ àdúgbò kan, ká sì sọ èyí tó yẹ ní pípamọ́. Mo wọ ṣòkòtò kaki, mo fi tépù kọ́ ọrùn, mo ń yan bí ẹni pé èmi ni mo tẹ Iléṣà dó. Katakata ti ń la títì tuntun bọ̀ lápá ibẹ̀. Ilé tí a bá yàn, títì yóò yà fún un. Èyí tí a bá pè ní ahoro, wíwó ni.

Ilé alámọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ màmá arúgbó kan ní òdìkejì ọ̀nà. Yàrá inú lọ́hùn-ún ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ẹnikẹ́ni kò sì sùn nínú ilé náà mọ́ láti ìgbà yẹn. Àwọn ọmọ màmá yìí ní kí wọ́n wó o, kí wọ́n hú egungun náà lọ sí itẹ́ òkú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyẹn.

“Ulé yèyé mi nìyí,” ó wí fún wa, bó ti ń na kọ́kọ́rọ́ sí wa. “Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má jí i. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni èmi náà fẹ́ sùn sí.”

Bí a ti ṣílẹ̀kùn, òórùn tútù yẹn pàdé wa. Ilẹ̀ ṣì ń dán fún omi, àpá ìka ọwọ́ sì wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú ọ̀gá mi dùn pé èèyàn ń tọ́jú ibẹ̀. Inú tèmi kò dùn. Ẹni tó bá ń rẹ́ ilẹ̀, inú lọ́hùn-ún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, a máa fẹ̀yìn rìn bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, kó má baà tẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọ kékeré mọ èyí. Àpá tí mo ń wò yìí, bí ọ̀kan ṣe gun orí èkejì fi hàn pé ẹnu ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀. A bọ́ bàtà, a tẹ̀ lé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá. Ó wọ yàrá inú, ó sì parí sí ìdí ògiri, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn, tí kò sí fèrèsé.

Mo ṣàlàyé fún ọ̀gá mi. Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tó bojú wẹ̀yìn, tó rí ipasẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà. Tiwa nìkan ni. Ẹ̀rín pòórá lẹ́nu rẹ̀.

A dá kọ́kọ́rọ́ padà. Mo bi màmá náà léèrè ẹni tó bá a rẹ́ ilẹ̀.

“Èmi kọ́, ọmọ mi. Orúnkún mi kò kúnlẹ̀ mọ́.” Ó wò mí lójú. “Ṣé ó ń jáde ni, àbí ó ń wọlé?”

N kò tíì sọ nǹkan kan fún un nípa àpá ọwọ́. Mo ní, “Ó ń wọlé ni, mà.”

“Kò fẹ́ẹ́ lọ,” ó wí, ó sì ń sunkún ayọ̀.

Ọ̀gá mi kọ ọ́ pé èèyàn ń gbé inú ilé náà. N kò bi í pé ta ni. Títì yà, katakata kọjá lọ, a sì yọ̀. Lẹ́yìn òjò ọdún náà, ìjọba rán àwọn bíríkìlà wá láti tún ilé náà ṣe kó lè pẹ́. Wọ́n da símẹ́ǹtì sí gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, títí kan yàrá inú. Lójú tèmi nígbà yẹn, ọ̀làjú ti dé nìyẹn. Màmá náà wọlé, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ra símẹ́ǹtì gbígbẹ náà, ó ní, “Ẹ ṣeun o. Ní báyìí, bó bá tilẹ̀ fẹ́ẹ́ lọ, kò lè lọ.”

A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Nígbà tí màmá náà kú, òfin ti dé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ilé tí ìjọba pa mọ́. Itẹ́ òkú ní ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n gbé e lọ. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí.

Ilé náà dúró títí dòní. Àwọn àlejò ń wá yà á ní fọ́tò. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ kẹ́yìn, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ọ sọ fún mi pé òun máa ń gbọ́ ọwọ́ tó ń họ símẹ́ǹtì láti ìsàlẹ̀. Mo bi í bóyá láti yàrá inú ni.

Ó ní, “Rárá o, bàbá. Ẹnu ọ̀nà ni.”

N kò sọ fún un pé ìyá kan ló ń wá ọ̀nà àtilọ bá ọmọ rẹ̀.