Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tí Bàbá Wa Rù Dé Òkukù

Ọjọ́ Sátidé ni, nǹkan bí aago méje àárọ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Kérésìmesì. Ọyẹ́ mú débi pé a kò rí orí òkè tí ó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìkìrun, ètè gbogbo wa sì ti là, àfi ti Títí tí ìyá wa fi òrí pa. Mo kéré nígbà náà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí. Mo kọ́kọ́ to ọjọ́, wákàtí àti ojú ọjọ́ sílẹ̀ nítorí pé, nínú gbogbo ìrìn àjò tí ilé wa rìn lọ kí ìyá bàbá wa ní Òkukù, ìyẹn nìkan ni mo lè sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà, ó yẹ kí n sọ ẹni tí Títí jẹ́. Àbúrò mi ni, àbígbẹ̀yìn ìyá wa. Ó ti lé díẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, ìka rẹ̀ kò tíì kan etí òsì. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan etí, kò sí olùkọ́ tí yóò gbà á sí kíláàsì kìn-ín-ní. Nítorí náà, ilé ni Títí máa ń wà, ẹ̀yìn mi sì ni yàrá rẹ̀.

Aṣọ ni ìyá wa ń rán. Bí mo bá ti dé láti ilé ẹ̀kọ́, tí mo fọ abọ́, tí mo sì pọn omi kún ìkòkò, n óò gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ: "Ṣadé, wá gba ọmọ rẹ." Ọmọ mi ni wọ́n ń pè é, bí ẹni pé èmi ni mo bí i. N óò bẹ̀rẹ̀, Títí yóò gùn mí, n óò so ọ̀já, ó parí. Mo pọ̀n ọ́n lọ ra kẹrosíìnì, mo pọ̀n ọ́n lọ lọ ata, mo pọ̀n ọ́n ta súwè. Àwọn ẹgbẹ́ mi tilẹ̀ ṣe òfin nítorí wa: bí ẹsẹ̀ Títí bá kan ìlà, èmi ni mo kú.

Ní ọjọ́ kan, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sábẹ́ igi kí n lè fo tẹ́ǹ-tẹ́n dáadáa. Kí n tó fò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti bu yanrìn sẹ́nu. Ìyá wa ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n kọjú sí ògiri. Wọ́n gbé Títí jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n fún un ní àádùn. Ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, epo ń kun àgbọ̀n rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá. "Màmá! Ọwọ́ Àǹtí ti ń wálẹ̀ o!"

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo gbàdúrà pé kí Ọlọ́run gbé ọmọ yìí kúrò lẹ́yìn mi. Mo ṣọ́ra. Mo fi kún un pé kí ohunkóhun má ṣe é, pé kí ó ṣáà wà ní ibòmíràn tí kì í ṣe orí ẹ̀yìn mi.

Kò ju oṣù kan lọ tí àdúrà náà fi gbà. Bọ̀dá Lékè, àbúrò bàbá wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, wá sílé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ọmọ. A kò rí irú rẹ̀ rí ní àdúgbò wa. Aṣọ búlúù tí ó ní ìlà funfun ni wọ́n fi ṣe ibi ìjókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ ní táyà kéékèèké méjìméjì, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tì í sì tẹ̀ kọrọdọ bí ti agbòjò. Bàbá wa rìn yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá wa kò tilẹ̀ dìde níbi ẹ̀rọ.

"Ọmọ tó ní ìyá, tó ní ẹ̀gbọ́n, kí ló fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ṣe?"

"Ìyàwó wa, ayé ti dayé ọ̀làjú," ni Bọ̀dá Lékè wí. "L'Ékòó, ọmọ ọdún márùn-ún ṣì ń wọ̀ ọ́ bí òbí ẹ̀ bá ń ṣeré jáde."

Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun. Ṣùgbọ́n bàbá wa pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ títí a ó fi dé Òkukù, kí ìyá òun lè rí i ní tuntun. Wọ́n gbé e kọ́ ìṣó lára ògiri pálọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ mìíràn wá kún iṣẹ́ mi: láràárọ̀, n óò nu eruku ara kẹ̀kẹ́ náà, Títí yóò sì wà lẹ́yìn mi tí n óò fi nù ún tán.

Ní àárọ̀ Sátidé yẹn, a wọ bọ́ọ̀sì ní Ìkìrun. Èrò kò pọ̀, bàbá wa sì gbé kẹ̀kẹ́ náà lé itan. Ó yẹ kí a ti ká a, ṣùgbọ́n Bọ̀dá Lékè ti padà sí Èkó láìfi hàn wá bí wọ́n ṣe ń ká a. Nígbà tí a dé Inísà, ọjọ́ ọjà ni. Àwọn obìnrin mẹ́ta wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tòmátì, ọkùnrin kan sì fa ewúrẹ́ méjì dé. Dẹ́rẹ́bà yọjú sí bàbá wa.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká so nǹkan yín sókè."

"Òkè ibo?"

"Òkè ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́."

"Kẹ̀kẹ́ ọmọ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ewúrẹ́?"

"Bàbá, ewúrẹ́ náà, ọmọ ẹnì kan ni."

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá wa kò rín. Ó ní, "Ẹ sọ̀kalẹ̀," a sì sọ̀kalẹ̀. Báyìí ni a ṣe fẹsẹ̀ rìn láti Inísà dé Òkukù nítorí ohun tí wọ́n ṣe kí ẹsẹ̀ má baà ro ọmọ.

N óò to bí a ṣe tò. Bàbá wa ṣáájú. Ó fi ìró ìyá wa kan we kẹ̀kẹ́ náà, ó gbé e lérí, táyà rẹ̀ kọjú sí ọ̀run. Ìyá wa tẹ̀lé e pẹ̀lú báàgì aṣọ àti agbọ̀n oúnjẹ. Èmi ni mo kẹ́yìn, Títí sì wà lẹ́yìn mi. Eruku pupa bo ẹsẹ̀ wa dé ojúgun.

"Bàbá Ṣadé," ni ìyá wa wí, "ẹ jẹ́ kí ọmọ wọ ohun tí wọ́n rà fún un."

"Nínú eruku yìí? Bí a bá dé ojú ọ̀dà l'Ókukù, á wọ̀ ọ́."

Bàbá kan tí ó gun bàsíkù, tí ó di igi ìdáná sẹ́yìn, bá wa lọ́nà. Ó kí wa, ó sì béèrè ohun tí bàbá wa rù.

"Kẹ̀kẹ́ ọmọ ni."

"Ọmọ náà ńkọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn ẹ̀gbọ́n ẹ̀."

Ọkùnrin náà fẹsẹ̀ tilẹ̀. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Háà! Kẹ̀kẹ́ gun bàbá, ọmọ gun ọmọ!" A ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ títí ó fi yà sí ọ̀nà oko.

Lábẹ́ igi máńgòrò kan, a jẹ ẹ̀kọ tútù àti àkàrà. Ata àkàrà náà bá ètè mi tí ó ti là jà. Lẹ́yìn náà ni Títí sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti pọn ọmọ rí mọ̀ pé ọmọ tí ó sùn máa ń wúwo ju èyí tí ojú rẹ̀ là lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ agbede ẹ̀yìn mi, itọ́ rẹ̀ ń rin aṣọ mi, èémí rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó gbóná, ó ń rùn bí òrí àti àkàrà. Nígbà tí ó jí, ó ń fi ìka ya nǹkan sí èjìká mi. "Àǹtí mi, ṣé a ti dé?" Mo ní ó ku díẹ̀. Ó tún béèrè. Mo ní ó ku díẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo ń rò ni ojú ọ̀dà.

A dé ibẹ̀ nígbà tí oòrùn ti là díẹ̀. Bàbá wa sọ kẹ̀kẹ́ kalẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù rẹ̀ nu táyà kọ̀ọ̀kan. Ìyá wa tú ọ̀já, ó gbé Títí jókòó. Atẹ́gùn ọyẹ́ fẹ́ sí òógùn ẹ̀yìn mi, gbogbo ara mi tutù. Mo nà tàntàn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò ni pé, ní Òkukù ìgbà náà, kò sí ọmọ ọdún mẹ́rin tí wọ́n ń tì lórí táyà, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tí ó ń ta ẹ̀kọ ni ó kọ́kọ́ rí wa. Ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Ọmọ Bàbá Ṣadé! Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á wò ó sàn." Kí a tó dé ilé, ìròyìn ti ṣáájú wa débẹ̀. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá wa, sáré jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan.

"Ìgbà wo lẹsẹ̀ ọmọ mi rọ? Ẹ ò sì ránṣẹ́ sí mi!"

"Ìyá, nǹkan kan ò ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé ni."

"Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ dá ṣáká, kí ló ń wá nínú kẹ̀kẹ́?"

"Títí," ni bàbá wa wí, "dìde, kí ìyá rí ẹsẹ̀ rẹ."

Títí di irin kẹ̀kẹ́ mú. Ó ní òun kò sọ̀kalẹ̀. Bàbá wa bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀. Aládùúgbò kan ní, "Ẹ má fipá mú un, ẹ ò rí i pé kò lè ṣe é?" Ìyá Àgbà bú sẹ́kún. Òógùn ń bọ́ lójú bàbá wa nínú ọyẹ́.

Ìyá wa wá yíjú sí mi. "Ṣadé, pè é. Tìẹ ló máa ń gbọ́."

Mo bọ́ síwájú kẹ̀kẹ́. Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo bẹ̀rẹ̀ bí mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, mo na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. "Títí, ó yá, wá gun Àǹtí." N kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì rí láti ọjọ́ tí mo ti ń pọ̀n ọ́n; àyà rẹ̀ a ti kàn mí kí n tó pa ẹnu dé. Mo dúró. Ilẹ̀ tí mo ń wò ní èèpo ẹ̀pà mẹ́ta àti ìyẹ́ adìẹ kan. Mo tún sọ ọ́. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ń wo ẹ̀yìn mi bí ẹni tí ó ti yó ṣe ń wo oúnjẹ.

"Mi ò gùn. Ẹ̀yìn yín gbóná."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, nítorí pé wọ́n ń wò mí.

Dùndú ni ó yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá wa bọ́ sí ìdí ààrò Ìyá Àgbà, ó gbé abọ́ dùndú tí ó ṣì ń hó sí ẹnu ọ̀nà, kò sì pe ẹnikẹ́ni. Títí gbọ́ òórùn rẹ̀, ó fò jáde, ó sáré kọjá láàárín gbogbo wa. Ariwo ayọ̀ sọ. Ìyá Àgbà jó pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà kan náà. Lẹ́yìn ijó, ó nawọ́ sí kẹ̀kẹ́. "Ẹ gbé nǹkan yẹn sẹ́yìn ilé. Ẹsẹ̀ tó bá dá ṣáká, a kì í fi ṣeré àìsàn." Ṣùgbọ́n Títí sunkún títí wọ́n fi gbé e padà.

A lo ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọmọ agboolé tò láti ti Títí kiri, kò sì sí iṣẹ́ fún mi. Mo fo tẹ́ǹ-tẹ́n ní àfòtẹ́rùn. Ní ọjọ́ kejì, mo ṣàkíyèsí pé bí mo bá fò, ọwọ́ mi ṣì máa ń lọ sẹ́yìn láti gbé nǹkan sókè, n kò sì ní bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ìyá Àgbà ti lọ. Bàbá wa ti lọ. Títí ń gbé ní ìlú òyìnbó, ó sì ti bí méjì. Ní oṣù tí ó kọjá, ó pè mí nígbà tí mo ń bọ̀ láti kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbà ní ìwé. Wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ, irú ọkọ̀ ńlá tí ó ní yàrá, ilé oúnjẹ àti adágún ìlúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi lo ìsinmi. Ọ̀nà inú ọkọ̀ náà gùn gan-an. Òun fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́ alájòókòó méjì lọ, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ sọ pé àgbà nínú àwọn ọmọ náà, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, ti dàgbà jù fún un.

"Àǹtí mi, kí lẹ rí sí i?"

Mo ronú sí i dáadáa. Mo ní kí ó gbé e lọ, ó ṣì máa ń rẹ ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo ní kí ó kọ́kọ́ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, kí ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká a kí wọ́n tó kúrò nílé. Lẹ́yìn náà ni mo béèrè bóyá ó rántí ìgbà tí a fẹsẹ̀ rìn láti Inísà sí Òkukù.

"Àfi kẹ̀kẹ́ yẹn," ó wí. "Ṣé búlúù ni?"

Mo ní búlúù ni.

Nígbà náà, ọmọdé kì í fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹnì kan bá ní ẹ̀yìn nílé. Lónìí, ọ̀nà Inísà ti ní ọ̀dà, ọ̀kadà ni ó ń gbé àwọn ọmọ tí kò tíì wọ ilé ẹ̀kọ́ kọjá níwájú ilé mi, wọ́n há wọn sáàárín bàbá àti ìyá, wọ́n sì ń dé ibi tí wọ́n ń lọ kí oorun tó gbé wọn. Ó dára bẹ́ẹ̀. N kò ní sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n n óò fẹ́ rìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, láti Inísà, pẹ̀lú ẹrù mi.

Ọjọ́rú ni a padà sí Ìkìrun, ní ọ̀sán, ọyẹ́ sì ti dín. Títí jókòó nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò pọ̀n ọ́n mọ́.