Ẹni Tó Sún Mọ́ Idà Mi Jù

Ọdún tí mo pé méjìdínlógójì ni mo kọ́ gémù orí fóònù. Kì í ṣe pé ó wù mí. Àbúrò mi ọkùnrin ni kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, ó ti ń lọ sí oṣù kọkànlá, inú gémù yẹn nìkan ni mo sì mọ̀ pé mo ti lè bá a pàdé.

Kí n yáa sọ ohun tí mo ṣe fún un, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé èmi ni wọ́n fìyà jẹ. Orí omi ni bàbá wa kú sí. Òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ nígbà tí àìsàn ọkàn dá a dúbúlẹ̀, àwọn apẹja Ugbonla ló fa ọkọ̀ náà wálé. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n bàbá wa fi dé, ó gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà, ó ní tòun ni, ó sì tà á. Ó jókòó sórí àga bàbá mi, ó ń mu omi wa, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ṣe wá lóore. Àgbà ni, n kò lè la ẹnu. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sìn ín dé ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà. Nígbà tí mo padà, àbúrò mi ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà, ó bi mí bóyá oúnjẹ wà. Mo ní, "Ká ní o wà nílé lọ́jọ́ yẹn ni, ṣé bàbá nìkan ni ì bá lọ sójú omi?"

Wọ́n ní ẹyin lohùn. Tèmi kò tilẹ̀ balẹ̀ kó tó fọ́, ojú ọmọ ìyá mi ló fọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Igbókòdá, ó gba ibẹ̀ padà sí Àkúrẹ́ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo pè é títí, kò gbé e. Mo sunkún fún Ìyé, bí a ṣe ń pe ìyá wa. Ìyé kì í fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀. Ó ní, "Ó ń gbé tèmi. Tìrẹ ni kò fẹ́ gbé."

Nígbà tó wà nílé, orí afárá pákó tó wà lẹ́yìn ilé wa ló máa ń jókòó sí, níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti dára, tí yóò máa ta gémù. Mo ti bú u ní ọ̀lẹ níbẹ̀ tó ìgbà tí n kò lè kà mọ́. Bó ṣe ń pariwo orúkọ ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń jagun nínú gémù náà, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Mo gba gémù náà sórí fóònù mi, mo fi orúkọ tí bàbá wa kọ sára ọkọ̀ rẹ̀ ṣe orúkọ mi, kí àbúrò mi má baà rò pé mo ń sá pamọ́ fún òun, mo sì ní kí wọ́n gbà mí sí ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, ọmọbìnrin kan tí n kò mọ ojú rẹ̀ títí di òní, tó ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́, ní ẹni tí yóò máa fi idà jà ni àwọn ń wá. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn àtimáa ta ọfà láti òkèèrè, kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ dúró níbi tí wọn yóò ti lù ú. Mo ní mo lè ṣe é. Irọ́ ni mo pa.

Àbúrò mi rí orúkọ yẹn. Kò jáde nínú ẹgbẹ́ náà. Ìyẹn nìkan ni mo rí dì mú.

Lọ́sọ̀ọ̀sán, bí mo bá ti kó ẹja tí mo ń yan tà kúrò lórí iná tán, màá fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ojú fóònù kì í gbọ́ràn sí ìka tí òróró ẹja wà lára rẹ̀ lẹ́nu. Màá wá lọ jókòó sórí afárá.

Ìyà ńlá ni idà fi jẹ mí. Ẹni tó bá sún mọ́ ọ jù ni bọ́tìnnì idà ń yàn fúnra rẹ̀ láti lù. Àwọn ọ̀tá sì mọ̀, wọ́n á rán òmìrán kan tó gbé asà ṣíwájú, yóò wá dúró sí mi láyà. Màá lù ú, lù ú, ẹ̀mí rẹ̀ kò ní í tán. Ọ̀gá wa bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ ń lù?"

"Ẹni tó ń lù mí ni."

"Ẹ ò lè pa ìyẹn. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀."

Mo wò ó. Obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun wà lẹ́yìn, tó ń wo ọgbẹ́ òmìrán náà sàn bí mo ṣe ń dá a sí i lára. Ọ̀gá wa kọ́ mi pé kí n tẹ bọ́tìnnì náà mọ́lẹ̀, kí n má tètè fi í sílẹ̀, kí n wọ́ ìka mi lọ títí òrùka pupa yóò fi yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ obìnrin yẹn, kí n tó gbéra. Kí n gba ẹ̀gbẹ́ òmìrán kọjá. Bó bá lù mí, kí n má dá a lóhùn.

Ibi "má dá a lóhùn" yẹn ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi gémù sílẹ̀. Èmi tí gbogbo èbúté mọ ẹnu mi! Bó bá ti gbá mi pẹ́nrẹ́n, màá yí padà sí i. A pàdánù léraléra nítorí mi. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ ní ìka ìyá àgbà ni ìka mi, mo bá dá ogun dúró kí n lè kọ èébú ránṣẹ́ sí i. Èébú náà kò tíì parí tí wọ́n fi pa mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣá, mo ṣe é. Òmìrán ń gbá mi lẹ́yìn, ẹ̀mí mi ń lọ sílẹ̀, n kò wojú rẹ̀. Òrùka pupa nìkan ni mo ń wò. Mo dé ọ̀dọ̀ aláṣọ funfun, ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo ṣá a, ó ṣubú. Òmìrán wá di èèyàn lásán, àwọn ẹgbẹ́ mi sì parí rẹ̀. Ọ̀gá wa kígbe ayọ̀. Èmi kò lè kígbe. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ń rí, lórí àga yẹn, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́. Òun ni ìbínú mi tọ́ sí. Mo kúnlẹ̀ fún un, mo sìn ín dé ọkọ̀, mo wá padà wálé wá lu ẹni tó sún mọ́ mi jù, torí mo mọ̀ pé kò ní í ṣe mí ní nǹkan kan. Kò sí bọ́tìnnì tó bá mi yan ìyẹn. Ojú tì mí gidigidi.

N kò lè ní sùúrù. Lọ́jọ́ kejì, níbi tí ogun ti gbóná jù, mo ṣí maikirofóònù, mo sì fi èdè Ìlàjẹ bá àbúrò mi sọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù má baà gbọ́ ọ. Mo ní kì í ṣe òun ni mo ń bínú sí. Mo ní bó tilẹ̀ wà nílé, bàbá ì bá dá lọ náà ni, ṣebí ó mọ bàbá. Mo ní irọ́ ni mo pa mọ́ ọn, kó dárí jì mí.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mo dúró sójú kan. Òmìrán lù mí pa, a sì pàdánù. Ọ̀gá wa ń jágbe, ẹnìkan ní kí wọ́n lé mi jáde. N kò fetí sí ìkankan nínú wọn. Ohùn kan ṣoṣo ni mo ń retí.

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ fèrè ọ̀kadà, ariwo títì Àkúrẹ́, ẹnìkan sì wú ikọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "nẹ́tíwọọ̀kì já. Ẹ tún un sọ."

Títí di òní, n kò mọ̀ bóyá nẹ́tíwọọ̀kì já lóòótọ́. Mo tún un sọ.