Ẹni Tó Yí Ẹnu Fìlà Sẹ́yìn

Bí ọkùnrin kan bá wà tó mọ fésìkáàpù dé fún ọmọ aráyé, Ó-Bá-Ẹ-Mu ni. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ ládùúgbò. Ohun tó máa ń pariwo nígbà tí oníbàárà bá dúró níwájú dígí ni wọ́n fi ń pè é. Á fa fìlà síwájú díẹ̀, á gbé e sókè díẹ̀, á wá gbá oníbàárà léjìká gbàà, á ní, "Ó bá ẹ mu!" Gbígbá yẹn máa ń dun èèyàn wọra, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó fi aṣọ títà bẹ̀rẹ̀ ayé.

Ìjà ló fi bẹ̀rẹ̀. Alábàárù ni tẹ́lẹ̀ nínú ọgbà pákó tó wà nísàlẹ̀ òpópónà, níbi tí wọ́n ti ń já pákó nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọkọ̀ ló ni iṣẹ́ ibẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ ni wọ́n sì fi ń mọ ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ó-Bá-Ẹ-Mu yọ eyín èèyàn, ó ṣẹ́ èèyàn lápá. Àwọn náà la irin mọ́ ọn níwájú orí débi pé egungun fẹ́rẹ̀ẹ́ yọjú. Àpá yẹn ló fi ra fésìkáàpù àkọ́kọ́. Kò wá oge rárá, àpá ló fẹ́ bò.

Ṣùgbọ́n bó ṣe fa fìlà náà bo ojú, ńṣe ni ìjà ń pọ̀ sí i. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń rò pé àwọn ló ń wá. Ó wọ ilé ọtí jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹnìkan fọ́ ìgò ó sì gbá a mú. Lọ́jọ́ kan tí ooru mú, ó ti ẹnu fìlà náà sókè, ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀ rí sì kí i pé ó kú iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu ju irin tí wọ́n là mọ́ ọn lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, òun sì ti ń fi fìlà bo ojú, ó wá ń bínú pé aráyé ò fẹ́ bá òun sọ̀rọ̀.

Bó ṣe fi pákó sílẹ̀ nìyẹn, tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan, tí ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí igun kan níbẹ̀, tó ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó bá gùn jù. Bí ẹ bá rò pé aṣọ sọ ọ́ di ẹni pẹ̀lẹ́, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bí ẹnìkan bá fa fìlà wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, á já a gbà lórí rẹ̀. "Ta ló rán ẹ níṣẹ́ ìpànìyàn? Jẹ́ kí wọ́n rójú ẹ!" Bí ẹlòmíràn bá kó pupa lé pupa, fìlà pupa, ṣẹ́ẹ̀tì pupa, bàtà pupa, á bi í pé ṣé inú garawa ọ̀dà ló já sí ni. Fìlà àti bàtà ni kó bára wọn ṣọ̀rẹ́, kí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kó sinmi. Ọkùnrin kan wá tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì tó lọ̀ gbanrangandan, tó tì í bọ ṣòkòtò, tó wá fẹ́ dé fésìkáàpù lé e. Ó-Bá-Ẹ-Mu wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Orí ẹ ń lọ sí pápá, ara ẹ ń lọ sí ọ́fíìsì. Ẹsẹ̀ ńkọ́, ibo ló ń lọ?" Ó fa ṣẹ́ẹ̀tì náà yọ fúnra rẹ̀, bọ́tìnnì méjì sì já. Ọkùnrin náà bínú lọ, ó sì tún padà wá lọ́jọ́ kejì, nítorí pé àwọn ará ilé rẹ̀ ti yìn ín. Ìrísí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í ṣe fún oníbàárà kankan: kì í yí ẹnu fìlà sẹ́yìn. Nínú ọgbà pákó, ẹnu fìlà ni ọ̀tá máa ń dì mú láti fi fa orí èèyàn wálẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jà á kọ́kọ́ yí i sẹ́yìn. Nígbà tó yá, kò sẹ́ni tó ń fẹnu pe ìjà mọ́ ní òpópónà yẹn. O yí fìlà, o pe ìjà, ó parí. Ó-Bá-Ẹ-Mu gan-an ló kó àṣà yẹn wọ ọgbà. Ẹni tó fi bẹ̀rẹ̀ ni Òkúta, tó ti di ọ̀gá àwọn alábàárù báyìí. Ó fọ́ ọ lágbọ̀n nígbà náà, ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni Òkúta sì fi ń jẹun títí dòní.

Ó-Bá-Ẹ-Mu ní àbúrò kan tí gbogbo èèyàn ń pè ní Káfíńtà. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Nígbà tí ìyá náà kú, òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ dàgbà, tó fi í sẹ́nu iṣẹ́ ní òdì kejì ìlú, jìnnà sí ọgbà pákó àti ẹ̀ṣẹ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dójú ikú. Ọmọkùnrin tí kì í fìbínú wo ajá ni, ẹ̀rín sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ kí o tó dá àpárá tán.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, Káfíńtà wọ ṣọ́ọ̀bù, eruku pákó kún irun rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, omidan kan ní kí n wá ká jọ ṣeré jáde. Ẹ bá mi wá nǹkan wọ̀. Kó má jọ pé mò ń lọ ṣègbéyàwó o."

Inú Ó-Bá-Ẹ-Mu dùn débi pé ó ti ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà mìíràn. Ó fún un ní tísẹ́ẹ̀tì funfun, ó gbé ṣẹ́ẹ̀tì onílà kan lé e láì de bọ́tìnnì rẹ̀, ó fún un ní jíìnsì dúdú àti kánfáàsì funfun. Ó wá dé fésìkáàpù aláwọ̀ aró kan lé e lórí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnu fìlà ń ṣíji bo ojú, ojú náà sì rẹwà. Ó gbé e sókè, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wá yí i sẹ́yìn, ojú ọmọ ìyá rẹ̀ sì là rekete nínú dígí.

"Ó bá ẹ mu!" Igbe náà dé ìta.

Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ dúró. "Bàbá Ìbejì, ẹ dá ẹnu fìlà yẹn padà síwájú o. Ẹ̀yìn ọgbà pákó ló máa gbà."

"Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ àtijọ́ lò ń sọ. Ta ló máa rí ojú yìí tó máa ní ìjà ló ń wá?"

"Bọ̀dá, ṣé kò ní dá wàhálà sílẹ̀ ṣá?"

"Wàhálà wo? Máa lọ, kí omidan má bàa bá ẹlòmíì jáde."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi: kò gbàgbé. Ẹwà ló ra á níyè.

Òkúta jókòó sẹ́nu géètì ọgbà pákó pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rí àbúrò Ó-Bá-Ẹ-Mu tó ń bọ̀ pẹ̀lú fìlà tó kọ ẹ̀yìn.

"Ta ló rán ẹ sí mi?"

Káfíńtà rẹ́rìn-ín sí i. "Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Mò ń kọjá ni."

Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Òkúta gbé pákó, ó gbá a níkùn. Bí Káfíńtà ṣe tẹ̀ kọdọrọ, ó gbá a lẹ́yìn. Àwọn yòókù kó ẹsẹ̀ bò ó, wọ́n tẹ ìhà rẹ̀, wọ́n tẹ ikùn rẹ̀, títí ó fi dẹ́kun igbe. Èyí tó bí wọn nínú jù ni pé kò janpata rárá. Kò mọ̀ pé ìjà ni wọ́n ń jà.

Kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ni wọ́n fi gbé e dé ọsibítù. Dókítà ní inú rẹ̀ ló ti ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn fẹ́ là á, ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ti tán nílẹ̀. Nọ́ọ̀sì fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára Ó-Bá-Ẹ-Mu, tó ti sáré dé tòun ti ìyàwó rẹ̀, lọ yẹ̀ wò.

"Ọmọ ìyá ẹ̀ ni yín, ẹ̀yin la gbójú lé. Ẹ jókòó síbí. Bí èsì bá ti jáde, lójú ẹsẹ̀ la máa gbà á. Ẹ má lọ ibì kankan, ẹ jọ̀ọ́."

Káfíńtà la ojú kan. "Bọ̀dá, ẹ jókòó tì mí."

Ó jókòó. Ó dì í lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan kó aṣọ Káfíńtà wá nínú ọ̀rá, ó sì rí ipa bàtà lára tísẹ́ẹ̀tì funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó dìde. Ìyàwó rẹ̀ so mọ́ ọn láṣọ, ó fà á títí aṣọ fi ya.

"Bàbá Ìbejì, ẹ̀jẹ̀ yín ni wọ́n ń wá!"

"Mò ń bọ̀ kíá."

Ó yí fìlà rẹ̀ sẹ́yìn kó tó dé géètì ọgbà pákó. Òkúta rí i, ó dìde. Ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́ fọ́ imú Òkúta, èkejì dé ọ̀fun rẹ̀. Òkúta fa pákó kan tí ìṣó wà lẹ́nu rẹ̀ yọ, ó fi ya apá Ó-Bá-Ẹ-Mu láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ń tú yàà. Kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó gbé Òkúta ṣánlẹ̀, ó jókòó lé e láyà, ó sì ń lù ú.

Òkúta tu eyín jáde. "Ìwọ lo kọ́ wa! O mọ ohun tó jẹ́! Ta ló dé e fún un bẹ́ẹ̀?"

Ó tún lù ú kí ẹnu náà lè pa dé. Ẹnu pa dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti wọlé. Ó dìde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré padà.

Nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ọ̀rá tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Níbo lẹ lọ? Èsì ti jáde tipẹ́, tiyín ṣeé fún un!" Ó wá rí apá rẹ̀, ó sì rí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀.

Ó-Bá-Ẹ-Mu na apá kejì sí i. "Ẹ gbà á níbí. Ẹ gba gbogbo ẹ̀." Ó fẹ́ jókòó, ó ṣubú. Dókítà wò ó lójú, ó ní ẹni tó ti da ẹ̀jẹ̀ tó báyìí nù, òun náà ń wá ẹni tó máa fún un ni, ẹnikẹ́ni kò lè fa ẹ̀kán kan lára rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n, ó bú wọn, ó sunkún bí ọmọdé. Wọ́n so apá rẹ̀, wọ́n sì dá a dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí ti àbúrò rẹ̀.

Ibẹ̀ ló wà tí Káfíńtà fi kú. Obìnrin tó ń tọ́jú ilẹ̀ ti gbé garawa wá, ó ń nu ẹ̀jẹ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà bọ̀, ó ń fún un sínú omi, ó sì ń dà á nù.