Ife Tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ Kò Fọ̀

Bí o bá fẹ́ rí ìjà Ìyá Ọlọ́ṣẹ, gbàgbé láti fọwọ́. O lè jókòó sórí àga rẹ̀, o lè jẹ oúnjẹ rẹ̀ pàápàá, yóò kàn rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n kí o wọ yàrá ìfúnmú láìfi ọṣẹ kan ọwọ́, tàbí kí o jáde níbẹ̀ lọ bá ọmọ láìtún un fọ̀, ariwo rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣọ́ géètì. Dókítà kan ti gba tirẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà, tó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, á ti máa na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Yàrá náà kò tóbi. Àga mẹ́fà ló wà níbẹ̀, síǹkì kan, kọ́tìnnì kan tí kò bo ẹnikẹ́ni dáadáa, àti fíríìjì tó ń kùn ṣáá. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá tí ọmọ wọn kò tíì lágbára láti fa ọmú ti ń fi ọwọ́ fún un sínú ife kékeré onídèérí. Ìyá Ọlọ́ṣẹ á lẹ téèpù mọ́ ife, á kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì ọmọ àti aago tí yóò mu ún sí i. Bí àkókò bá tó, nọ́ọ̀sì á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù òdìkejì, á rọra dà á sínú rọ́bà tín-ín-rín tó gba imú ọmọ wọ ikùn rẹ̀. Bí ife bá sì padà dé lófìfo, Ìyá Ọlọ́ṣẹ á ṣí téèpù kúrò, á fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á sè é. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà lẹ́nu ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé kan ni aránṣọ dé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò lò ju oṣù méje lọ nínú, wọ́n sì ti tẹ́ ẹ sí bẹ́ẹ̀dì kẹrin, nínú àpótí onígíláàsì tó ń móoru. Aránṣọ fún ọmú títí ọwọ́ fi ń ro ó. Ẹ̀kán mẹ́ta péré ló rí.

"Màmá, kò sí nǹkan kan níbẹ̀." Ó na ife náà sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ. "Ara mi ti já mi kulẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀kán mẹ́ta yìí ńkọ́, ìtọ́ ni? Ikùn ọmọ yẹn ò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Àbí ìwọ aránṣọ ò mọ bọ́tìnnì ni?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín tòun ti omi lójú. Ìyá Ọlọ́ṣẹ lọ gba aṣọ pélébé tí ọmọ náà ti sùn lé lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó fi lé aránṣọ lọ́wọ́. "Máa gbóòórùn rẹ̀. Má wo ife rárá, o ò ní dẹ́rù ba ọmú yẹn fún mi."

Ọmú náà sì wá. Lọ́jọ́ kejì ó bo ìdí ife, nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti dé ìdajì. Lọ́jọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀kán kan ra ètè ọmọ, ọmọ sì yọ ahọ́n. Aránṣọ sáré padà sí yàrá. "Ó lá a, Màmá! Ó lá a!" Ẹnu kan náà ló fi sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹnu Ìyá Ọlọ́ṣẹ kì í dilẹ̀ nínú yàrá yẹn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í sọ. Ọmọ tiẹ̀ náà sùn sí wọ́ọ̀dù òdìkejì rí, obìnrin, fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọn kò jẹ́ kó wọlé. Ẹnu ilẹ̀kùn ni wọ́n ti ń gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó fún ọmú láti àárọ̀ di ọ̀sán, wọ́n ń gbà á, wọ́n ń dúpẹ́, kí ẹnì kan tó wá sọ fún un pé ọmọ ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó béèrè bóyá ọmọ náà tilẹ̀ tọ́ ọmú òun wò kó tó lọ. Wọ́n ní kó gbàgbé, yóò bí òmíràn. Kò bí òmíràn. Ìdí tó fi wá iṣẹ́ yìí nìyẹn, ó sì ti búra fún ara rẹ̀ pé kò sí ìyá kan tí yóò jókòó máa fún ọmú fún òkú ọmọ níṣojú òun.

Láàárọ̀ Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì gbé ife aago mẹ́sàn-án ti bẹ́ẹ̀dì kẹrin padà dé. Ó kún bó ṣe gbé e lọ. Ó fa Ìyá Ọlọ́ṣẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ó ti lọ, Màmá. Dókítà ní ká dúró de bàbá ọmọ náà, ó ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ nǹkan kan."

Iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ọlọ́ṣẹ bó bá sọ ọ́, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ń pè é láti inú yàrá. "Màmá, ẹ wá wò ó! Ó ti fẹ́ẹ̀ẹ́ kún!"

Ó wọlé, ó rọra gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e.

"Ó tó, ọmọ mi."

"Kò tíì kún, Màmá."

"Mo mọ̀. Dìde, ká lọ bá ọmọ rẹ."

Aránṣọ di bọ́tìnnì bùláòsì rẹ̀, ó yà sídìí síǹkì bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ dì í lọ́wọ́ mú.

"Fi sílẹ̀. Kò pọn dandan mọ́."

Aránṣọ wo ọṣẹ, ó wo ojú rẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ ló gbá a mú tí wọ́n fi dé wọ́ọ̀dù. Nígbà tí nọ́ọ̀sì rí wọn, ó la ẹnu láti bínú, ó tún pa á dé, ó sì ṣí àpótí onígíláàsì náà fún wọn. Aránṣọ gbé ọmọ rẹ̀ sáyà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, aránṣọ padà wá. Ọmú rẹ̀ ti le, ó ń ro ó wọ abíyá, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmú kì í mọ̀ pé ọmọ ti lọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ fi aṣọ tútù lé e, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa fún ìwọ̀nba tó máa jẹ́ kára tù ú, kó sì máa dín in kù lójoojúmọ́ títí yóò fi gbẹ.

"Màmá," aránṣọ ní níkẹyìn, "èyí tí mo fún kẹ́yìn lọ́jọ́ Ẹtì, ṣé ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣá?"

Ìyá Ọlọ́ṣẹ dìde, ó nawọ́ sórí fíríìjì, ó gbé ife kan sọ̀kalẹ̀. Téèpù ṣì wà lára rẹ̀: bẹ́ẹ̀dì kẹrin, aago mẹ́fà àárọ̀ Àbámẹ́ta. Ọmú ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀ funfun. Nígbà tó ń kó àwọn ife àárọ̀ ọjọ́ yẹn lọ fọ̀, ó ti yọ ọ́ sọ́tọ̀.

"Ó mu ún tán," ló wí.

Aránṣọ fi ife náà símú bó ti ń ṣe aṣọ ọmọ rẹ̀, ó sì sunkún débi tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó tì í, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ife. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélógún tóun náà ti béèrè. Kò sẹ́ni tó ní ife kankan láti fi hàn án.