Ọmọ Méjì Lójú Kọ̀ǹpútà

Kí n má parọ́, mo fẹ́ràn kọ̀ǹpútà yẹn. Kí wọ́n tó gbé e wá sí ọsibítù wa l'Áyétòrò, èmi mátíróònù ni mo máa ń sá káàkiri kí n tó mọ nọ́ọ̀sì tó wá sẹ́nu iṣẹ́ àti aláìsàn tó nílò rẹ̀ jù. Nígbà tó dé, mo kàn ń jókòó ni, mo sì ń rí gbogbo ẹ̀. Nọ́ọ̀sì á tẹ ọ̀rọ̀ aboyún sínú rẹ̀; aboyún tí ìbí rẹ̀ léwu, orúkọ rẹ̀ á pọ́n lójú ẹ̀rọ. Èyí tí kò léwu, á gba àwọ̀ ewé.

Ìgbà tí ìjọba ti bodè ló wá wúlò jù. Wọ́n ní ilé epo tó bá sún mọ́ bodè ò gbọdọ̀ rí epo tà mọ́. Ọ̀kadà di ọ̀wọ́n gógó, àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ti Ọjà-Ọ̀dàn wá ò rọ́nà wá. Ìwọ̀nba àwọn tó bá dé ni mo ń pín, kọ̀ǹpútà ló sì ń sọ ibi tí mo máa pín wọn sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aboyún méjì ń rọbí lọ́dọ̀ wa. Orúkọ ọ̀kan pọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Mo ní kí agbẹ̀bí kan ṣoṣo tó mọṣẹ́ dunjú bá a wọ áńbúláǹsì lọ sí Ìlaro, a sì da gbogbo epo tó ṣẹ́ kù sínú ọkọ̀ náà. Ìkejì ń rẹ́rìn-ín lórí bẹ́ẹ̀dì ní tiẹ̀. Ó sọ fún nọ́ọ̀sì pé ọmọ méjì lòun ti bí. Nọ́ọ̀sì tẹ méjì, àwọ̀ ewé jáde, ọkàn mi balẹ̀.

Ó bí obìnrin, wẹ́rẹ́ báyìí. Ni ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. A gún un lábẹ́rẹ́, a ń fọwọ́ ra á níkùn, ẹ̀jẹ̀ ò dá. Mo sá jáde bá ìyá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Màmá, ọmọ mélòó nìyàwó yín ti bí?"

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Háà, Mátíróònù, ẹ̀yin náà! A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

"Ẹ̀jẹ̀ ń pa á lọ, Màmá! Mélòó?"

"Ìkẹjọ rèé."

Ìkẹjọ! Yéè! Ilé ọmọ tó ti bímọ tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè súnkì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sì í tètè dá. Ká ní iye yẹn ló wà nínú kọ̀ǹpútà ni, pípọ́n ni orúkọ tiẹ̀ náà ì bá pọ́n, à bá sì ti kó àwọn méjèèjì lọ pa pọ̀. Inú bí mi sí ìyá yẹn. Inú bí mi sí nọ́ọ̀sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣebí ọmọ ìlú yìí lòun náà! Ta ni ò mọ̀ pé aboyún wa máa ń bu iye ọmọ rẹ̀ kù nítorí ojú ayé? Ẹ̀rọ ò lè mọ ìyẹn. Àwa ló yẹ ká mọ̀.

Mo pe áńbúláǹsì. Wọ́n ti dé Ìlaro, wọ́n ń wá epo tí wọ́n máa fi padà. Obìnrin náà kú kí oòrùn tó wọ̀.

Ọkọ rẹ̀ ò tíì gbọ́ nígbà tó kó àwọn ọmọ dé láti wá wo àbúrò wọn. Ó ti wẹ̀ fún wọn, ó wọṣọ tó dáa fún wọn. Wọ́n ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kí wa. Mo bojú wo ìyá àgbà, ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà wọ́n.